John Robinson: Mẹkáníìkì tó fò lọ gbèjà Etiópíà, àtàwọn ọ̀rẹ́ tó gbé e dókè

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, iṣẹ́ ìròyìn gbé mi lọ sí Mákùn-Omi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. A ò tíì rìn jìnnà lórí ọ̀sà tí ẹ́ńjìnnì fi kú. Ọkùnrin tó ń wà wá fa okùn rẹ̀ títí, ó rẹ̀ ẹ́. Òòrùn ń pa wá, omi ń gbé wa lọ síbi tó wù ú, ìyá ẹlẹ́ja kan sì ti ń pe Jésù. Bí ọkọ̀ mìíràn ṣe ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán nìyẹn. Èrò kún inú tiẹ̀ náà. Àwọn awakọ̀ méjèèjì yìí sì ti jọ du èrò létí omi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n tiẹ̀ ti bú ara wọn. Síbẹ̀, ó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà, ó sún mọ́ wa, ó yọ plọ́ọ̀gì kan nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì dúró tì wá títí ẹ́ńjìnnì wa fi dún. Owó tí awakọ̀ wa nà sí i, kò gbà á.

Nígbà tá a dé èbúté, mo wá ọkùnrin yẹn lọ, mo bi í léèrè ohun tó fà á. Ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́n. Ó ní ẹni tó bá fi ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀ lórí omi lónìí, kí tọ̀hún má retí pé ẹnikẹ́ni máa dúró de òun lọ́la. Ó ní ìjà èrò, orí ilẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ yẹn ni mo rántí John Robinson. Ẹ lè máa rò ó pé kí ló da ọkọ̀ ojú omi Mákùn pọ̀ mọ́ ọkùnrin tó kú sí Etiópíà lọ́dún 1954. Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa rí i. Tí mo bá dárúkọ rẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tàbí fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, wọn kì í mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, láyé ìjọ́un, àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà kì í sinmi lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Brown Condor, wọ́n fi wé ẹyẹ ńlá kan tó máa ń fò lókè réré.

Ìlú Carrabelle, ní ìpínlẹ̀ Florida, ni wọ́n bí John Charles Robinson sí lọ́dún 1903. Ọmọ ọwọ́ ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ, ó kọjá sí Gulfport, ní Mississippi, etí òkun náà ni. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ ọkọ mìíràn, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ọkùnrin yìí ló sì tọ́ John dàgbà bí ọmọ tó bí fúnra rẹ̀.

Lọ́dún 1910, òyìnbó kan tó ń jẹ́ John Moisant fi bàálù ṣeré fáwọn èèyàn ní Gulfport. Bàálù ìgbà yẹn, ẹ má rò ó pé irú èyí tẹ́ ẹ máa ń rí ní Ìkẹjà ni o. Igi àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ́ńjìnnì kékeré kan ló sì ń gbé e. Ọmọdé ni John nígbà tó rí nǹkan yìí tó gbéra nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun mìíràn lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Àmọ́ Mississippi ló wà. Ọmọ dúdú kò gbọdọ̀ jókòó sí kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ òyìnbó. Wọ́n lè so àgbàlagbà rọ̀ sórí igi torí pé wọ́n ní ó wo òyìnbó lójú. Kí ọmọ dúdú wá máa sọ pé òun máa wa bàálù, àwọn òbí rẹ̀ pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà léwu. Wọ́n ní kó kọ́ṣẹ́ tó máa fún un lóúnjẹ ná. Ó gbọ́ sí wọn lẹ́nu, ó lọ sí iléèwé Tuskegee, ní Alabama, iléèwé tí Booker T. Washington dá sílẹ̀ fáwọn aláwọ̀ dúdú lọ́dún 1881. Iṣẹ́ mẹkáníìkì mọ́tò ló kọ́ níbẹ̀. Ó jáde lọ́dún 1924, ó gba òkè ọya ilẹ̀ wọn lọ, níbi tí ojú ti là díẹ̀ fún èèyàn dúdú. Ìlú Chicago ló wá fìdí kalẹ̀ sí, ó ṣí ibi tó ti ń tún mọ́tò ṣe.

Àwọn iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ bàálù wíwà wà ní Chicago, ṣùgbọ́n èèyàn dúdú kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ jà á já nínú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó jẹ́ obìnrin, Bessie Coleman, ó di dandan kó kọ́ èdè Faransé, kó sì wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ Faransé kó tó rí ẹni kọ́ ọ. Oṣù kẹfà ọdún 1921 ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú èékánná ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Chicago. Ohun tó ń rò ni láti ṣí iléèwé fáwọn èèyàn rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà jìyà tó jẹ. Ikú kò jẹ́. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1926, ó já bọ́ láti inú bàálù ní Jacksonville, Florida. Ọmọ ọdún 34 péré ni.

Èmi gbà pé ikú obìnrin yìí wà lára ohun tó so Robinson àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó dá nìkan jà á ti lọ. Wọ́n rí i pé tí wọn ò bá jọ ṣe é, kò ní ṣeé ṣe.

Robinson ní ọ̀rẹ́ kan ní Chicago, Cornelius Coffey, mẹkáníìkì mọ́tò bíi tiẹ̀. Wọ́n bí Coffey ní Arkansas lọ́dún 1903, ẹgbẹ́ ara wọn ni wọ́n. Àwọn méjèèjì kọ lẹ́tà sí iléèwé Curtiss-Wright ní Chicago pé àwọn fẹ́ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì bàálù. Lẹ́tà kì í fi àwọ̀ hàn. Iléèwé gbà wọ́n, wọ́n san owó. Ọjọ́ tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, táwọn alákòóso rí i pé èèyàn dúdú ni wọ́n, wọ́n ní àwọn ò lè gbà wọ́n mọ́, àwọn máa dá owó wọn padà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá Coffey níbi iṣẹ́, òyìnbó kan tó ń ta mọ́tò tó ń jẹ́ Emil Mack, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ohun tó kàn án. Coffey tiẹ̀ lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tó bá kọ́ bàálù tán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní tí iléèwé kò bá gba àwọn ọmọ yìí, òun máa pe iléèwé lẹ́jọ́. Ẹjọ́ yẹn ni wọ́n sá fún, wọ́n gbà wọ́n. Lọ́dún 1931, Robinson àti Coffey jáde, wọ́n sì wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù lọ. Iléèwé tó lé wọn lẹ́nu ọ̀nà ló wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó àwọn aláwọ̀ dúdú wá, kí àwọn méjèèjì sì máa kọ́ wọn. Ọ̀nà tí wọ́n dí mọ́ ẹni méjì wá di èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà kọjá.

Ọdún 1931 yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Challenger Air Pilots Association. Ẹ má wo orúkọ ńlá yẹn o. Ta ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́? Mẹkáníìkì, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù tí owó rẹ̀ kì í dé ìparí oṣù. Kò sí ẹni tó ń gbowó lórí bàálù nínú wọn. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìgbà náà sì ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, táwọn èèyàn ń tò gba búrẹ́dì lójú títì. Ibo ni ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ti fẹ́ rówó ra bàálù?

Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí wọ́n ṣe dáadáa, a ní orúkọ fún un. Èésú ni. Àáró sì tún wà níbẹ̀. Wọ́n ń dáwó, wọ́n jọ ń lo bàálù kan, ẹni tó bá fẹ́ fò ra epo sí i, ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì tún un ṣe fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó ti gba ìwé àṣẹ jókòó ti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Obìnrin nọ́ọ̀sì kan wà láàárín wọn, Janet Waterford, tí wọ́n wá mọ̀ sí Janet Bragg lẹ́yìn náà. Owó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló tù jọ tó fi ra bàálù àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà lò, 600 dọ́là. Bàálù rẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló wà á. Ẹ bi ara yín, tẹ́ ẹ bá fi gbogbo owó yín ra mọ́tò, ṣé ẹ máa kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò wíwà?

Bàálù wà, ibi tó máa bà sí kò sí, torí àwọn pápá bàálù tó wà ní Chicago kò fẹ́ rí wọn. Wọ́n bá lọ sí Robbins, ìlú kékeré kan ní ẹ̀yìn Chicago tó jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń ṣàkóso rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ ara wọn gé igi, wọ́n hú kùkùté, wọ́n kó òkúta kúrò, wọ́n sọ ilẹ̀ di pẹrẹsẹ. Pákó àlòkù ni wọ́n fi kan ilé tí bàálù máa wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ ìtàn ló ka ibẹ̀ sí pápá bàálù àkọ́kọ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn ní ní Amẹ́ríkà.

Kò pẹ́ rárá. Ìjì ńlá kan jà lọ́dún 1933, ó gbé ilé pákó náà, ó fọ́ bàálù tó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ gbogbo ọwọ́ wọn lọ. Àwọn tó mọ bí iná ṣe máa ń jó ibi ìlagẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí èèyàn á dúró máa wo eérú iṣẹ́ ọdún gbọọrọ, wọ́n mọ bó ṣe rí lára wọn. Àmọ́ bí wọ́n ṣe wà nínú ìyẹn ni oore mìíràn tún yọ. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò òyìnbó kan tí wọ́n ń jẹ́ Schumacher ní pápá bàálù kan ní Oak Lawn tí wọ́n ń pè ní Harlem Airport. Wọ́n fún Robinson àtàwọn èèyàn rẹ̀ láyè ní apá gúúsù pápá náà. Awakọ̀ bàálù ni àwọn náà, wọ́n mọ ohun tó túmọ̀ sí kí èèyàn ní ìyẹ́, kó má níbi bà sí. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun kan wà tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n máa ń fò kọjá lókè ibojì Bessie Coleman, ní itẹ́ òkú Lincoln ní Chicago, wọ́n á ju òdòdó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá obìnrin náà pàdé rí. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tó la igbó kí àwọn tó rí ọ̀nà rìn.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìtàn tó mú mi kọ nǹkan yìí gan-an. Ní 1934, àwọn tó jọ jáde ní Tuskegee pẹ̀lú Robinson fẹ́ pàdé láti ṣàjọyọ̀ ọdún 10 tí wọ́n jáde. Robinson pinnu pé òun ò ní wọ rélùwéè lọ, bàálù lòun máa gbé wọlé. Ìdí wà níbẹ̀. Ó fẹ́ kí iléèwé náà fi ojú ara wọn rí èèyàn dúdú tó wa bàálù dé, kí wọ́n lè gbà láti máa kọ́ àwọn ọmọ wọn níṣẹ́ náà. Ó ti ń bẹ̀ wọ́n nípa ẹ̀ tipẹ́. Àwọn mẹ́ta ló gbéra ní Chicago: òun àti Coffey nínú bàálù kan, Grover Nash, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, nínú bàálù tirẹ̀, kékeré kan báyìí tí wọ́n ń pè ní Buhl Pup, ẹnì kan ṣoṣo ló gbà.

Wọ́n dé Decatur, ní Alabama, wọ́n bà láti ra epo. Nígbà tí Robinson àti Coffey fẹ́ gbéra padà, bàálù wọn já lulẹ̀. Wọn ò kú, ṣùgbọ́n bàálù ti bà jẹ́, kò lè lọ mọ́. Èèyàn dúdú mẹ́ta, ní Alabama, ní 1934, bàálù kan fọ́, ìkan kù. Ti Nash sì ni èyí tó kù. Ó lè ní kí wọ́n máa bọ̀, kí òun ti máa lọ. Ó lè ní òun ń padà sí Chicago. Kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Nash sọ̀ kalẹ̀, ó gbé bàálù rẹ̀ fún Robinson pé kó máa lọ. Nash àti Coffey dúró sí Decatur, ọkùnrin tí bàálù ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ yìí sì wọ bàálù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wà á dé Tuskegee níṣojú àwọn tí wọ́n jọ kàwé.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ Nash yìí títí. Robinson ló gba ìyìn ọjọ́ náà. Òun làwọn ọmọléèwé rí. Lẹ́yìn ọdún 5, ní 1939, Tuskegee bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ dúdú ní bàálù wíwà, àtibẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn jagunjagun òfurufú tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tuskegee Airmen nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn kan máa ń pe Robinson ní bàbá wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ sòótọ́, kí wọ́n wá àga kékeré kan fún Nash náà nítòsí ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Etiópíà ló wá gbé orúkọ rẹ̀ jáde sí gbogbo ayé. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, ibi díẹ̀ ló kù ní Áfíríkà tí òyìnbó kò gbà. Etiópíà ti lu Ítálì ní ìlú Adwa lọ́dún 1896, Mussolini sì fẹ́ gbẹ̀san. Ọ̀rọ̀ yìí ka àwa náà lára níbí. Àwọn èèyàn pé jọ ní Èkó lọ́dún 1935, wọ́n fẹ̀hónú hàn, wọ́n sì dáwó fún Etiópíà. Ọba Haile Selassie ń wá àwọn tó mọṣẹ́. Ìbátan rẹ̀ kan, Malaku Bayen, tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Amẹ́ríkà, bá Robinson sọ̀rọ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 1935, Robinson wọ ọkọ̀ òkun, ó kọrí sí Áfíríkà.

Ohun tó bá níbẹ̀ kì í ṣe nǹkan ìyangàn. Gbogbo bàálù tí Etiópíà ní kò pé 30, èyí tó lè fò nínú wọn kò tiẹ̀ tó nǹkan, wọn ò sì ní ìbọn lára. Ítálì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ọba sọ Robinson di ọ̀gá pátápátá fún iṣẹ́ ológun òfurufú, ó fún un ní oyè kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1935 ni ogun bẹ̀rẹ̀, tí bọ́ǹbù ń já bọ́ ní Adwa. Robinson wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ó ń fò láàárín Addis Ababa àti ojú ogun, ó ń gbé ìwé ọba, ó ń gbé oògùn, ó ń gbé ọba fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Táwọn bàálù Ítálì bá lé e, kò ní ohun tó máa yìn sí wọn. Ó máa ń sá wọ inú kùrukùru àti àárín òkè ni. Ó fara gbọgbẹ́, ó sì fojú rí gáàsì olóró táwọn ọmọ ogun Mussolini ń da sórí àwọn tí wọ́n wọ ẹsẹ̀ lásán.

Etiópíà ṣubú ní oṣù karùn-ún ọdún 1936. Robinson kúrò níbẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀. Nígbà tó dé Chicago, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló jáde pàdé rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ kò sùn nígbà tó wà lójú ogun. Coffey ń kọ́ àwọn èèyàn lọ ní Harlem Airport, òun àti Willa Brown, obìnrin tó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ bàálù ní 1938, wọ́n sì ní iléèwé tiwọn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì, Chauncey Spencer àti Dale White, gbé bàálù àlòkù lọ sí Washington ní 1939 láti lọ bẹ ìjọba pé kí wọ́n gba èèyàn dúdú sínú ètò ìkọ́ni bàálù. Lójú ọ̀nà ni bàálù bà jẹ́ sí ní Ohio, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tẹ̀ síwájú. Ọ̀kan lára àwọn sẹ́nétọ̀ tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ni Harry Truman. Ọkùnrin yìí ló di ààrẹ, òun náà ló sì pàṣẹ lọ́dún 1948 pé kí wọ́n yé ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà.

Kẹ́ ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ Èkó kan wà, Peter Adéníyì Thomas, ọmọ oníṣòwò ńlá P.J.C. Thomas, àbúrò Stella Thomas tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe adájọ́ májísírétì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó gba iṣẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di awakọ̀ bàálù ní 1942, ìjàǹbá bàálù ló sì pa á lọ́hùn-ún ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945. Ọ̀nà tí Robinson àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń là ní Chicago ni Adéníyì náà ń là ní Gẹ̀ẹ́sì.

Robinson padà sí Etiópíà ní 1944, lẹ́yìn tí wọ́n ti lé Ítálì lọ. Ó kó àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì aláwọ̀ dúdú dání láti Amẹ́ríkà, wọ́n jọ ń kọ́ àwọn ọmọ Etiópíà. Ẹ kò lè sọ bí iṣẹ́ bàálù ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ má dárúkọ rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, Robinson kì í ṣe áńgẹ́lì. Inú rẹ̀ máa ń tètè ru. Ní 1935, òun àti Hubert Julian, awakọ̀ bàálù aláwọ̀ dúdú mìíràn tó wá láti Trinidad, wọ̀yá ìjà ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Addis Ababa. Lẹ́yìn ogun, òun àti ọmọ Sweden kan, Carl Gustaf von Rosen, kò gbọ́ ara wọn yé lórí ẹni tó máa ṣe ọ̀gá. Ó le débi pé wọ́n ti Robinson mọ́lé, ó sì kúrò nínú iṣẹ́ ológun. Àwọn àgbà tó wà nílé máa rántí von Rosen yẹn. Òun ló wá gbé àwọn bàálù kéékèèké jà fún Biafra lórílẹ̀-èdè wa lọ́dún 1969. Nígbà tí kò sí oyè láti pín, àwọn ará Chicago jọ hú kùkùté. Ìgbà tí oyè dé, ìjà dé. Àwa náà mọ irú ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa gbogbo.

Síbẹ̀, ẹ wo bí ọkùnrin náà ṣe kú. Kò bínú kúrò ní Etiópíà. Ní oṣù kẹta ọdún 1954, aláìsàn kan wà lọ́nà jíjìn tó nílò ẹ̀jẹ̀. Robinson gbéra láti gbé e lọ. Ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú bàálù, ọmọ Ítálì ni, ọmọ orílẹ̀-èdè tó fẹ́ yìnbọn pa á ní ọdún 18 ṣáájú. Bàálù náà já, ó gbiná. Ọmọ Ítálì náà kú. Robinson wà ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú ojú iná títí di ọjọ́ 27 oṣù náà, ó dákẹ́. Addis Ababa ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ọkàn ka ìgbésí ayé yìí padà, kẹ́ ẹ ka iye èèyàn tó dúró de ọkùnrin kan. Bàbá tí kò bí i ló tọ́ ọ. Emil Mack ló fi ẹjọ́ halẹ̀ tí wọ́n fi gbà wọ́n wọlé. Janet ló ra bàálù. Àwọn Schumacher ló fún wọn nílẹ̀. Nash ló sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá fi kọjá lọ láìyíjú padà, bóyá mẹkáníìkì mọ́tò ni ì bá ṣe títí tó fi kú. Òun náà, ìgbẹ̀yìn ẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ rí ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún.

Lójú títì wa lónìí, tí agbégẹdú bá ṣubú lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, fóònù ló máa ń kọ́kọ́ jáde lápò. Wọ́n á ya fídíò, wọ́n á fi sórí Facebook, dẹ́rẹ́bà á ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀. Mo ti wà níbi tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, mi ò sì lè bú ẹnikẹ́ni, torí èmi náà mú fóònù dání lọ́jọ́ yẹn, mo ní iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe. Ojú ṣì ń tì mí. Ọkùnrin Mákùn-Omi yẹn kò ka ìwé nípa John Robinson rí. Àpótí irinṣẹ́ ló ní, plọ́ọ̀gì kan wà níbẹ̀, ó mọ ẹni tó nílò rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ń lọ sọ́nà, mo máa ń ju okùn kan àti irinṣẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Mi ò tíì lò ó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ wá tiyín sẹ́yìn ọkọ̀.